Ojú Táyé Ló Wà Nínú Fídíò, Kẹ́hìndé Ni Wọ́n Mú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa ní Igbó-Ọrà, ìwọ̀nba tí mo lè sọ ni màá sọ. Ìgbà tí ìdìbò ń bọ̀ lọ́nà ni, tí pósítà bo gbogbo ògiri. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Fídíò ìgbéyàwó ni mo máa ń yà tẹ́lẹ̀, mo wá padà sí kíláàsì láti kọ́ iṣẹ́ fíìmù dáadáa.

Yàrá kan ṣoṣo ni a fi ń kọ́ṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a bá àwọn ọmọlẹ́yìn olóṣèlú kan nínú rẹ̀. Wọ́n ti kó ẹrù wa síta, wọ́n ní ọ́fíìsì ìpolongo ni. Àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ò sọ nǹkan kan. La bá gbé páálí, a ṣe ìwọ́de lọ sí ẹnu géètì. A ya fídíò rẹ̀ kí wọ́n má baà sọ pé jàgídíjàgan ni wá. Táyé, ọmọ kíláàsì wa, gun géètì, ó fa pósítà olóṣèlú náà ya. Ọlọ́pàá dé, wọ́n yin tajútajú sí wa, wọ́n gba kámẹ́rà. Fìlà tí mo fà bojú ni kò jẹ́ kí wọ́n dá mi mọ̀.

Táyé sá. Wọ́n wo fídíò wa, wọ́n lọ sílé Táyé, wọ́n mú Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, tó jẹ́ pé oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Tápà ló wà lọ́jọ́ náà. Ẹni sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Èmi àti ìyá wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kan tí kì í ṣe ará ibí yọjú, ó pariwo: "Ìyá Ìbejì!" Obìnrin mẹ́ta ló dáhùn.

"Háà! Irú ìlú wo rèé?" Ó fi fídíò han ìyá wọn. "Màmá, ṣé ọmọ yín kọ́ nìyí?"

"Ọmọ mi ni."

"Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa yìí ni, àbí?"

Ìyá wọn fà mí síta. "Bàbá Rọ́fíà, ẹ gbà mí. Tí mo bá ní kì í ṣe Kẹ́hìndé, ta ni mo fà lé wọn lọ́wọ́ yẹn?"

Ẹ̀rù ń ba èmi náà, kí wọ́n má lọ bi mí níbi tí mo wà lọ́jọ́ ìwọ́de.

Nígbà tí a gbé oúnjẹ wọlé fún Kẹ́hìndé, ó rẹ́rìn-ín, ó rọra sọ pé: "Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni."

"Kẹ́hìndé! Kí ló dé?"

"Màmá, ṣé èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n? Èmi ni mo rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Bó ṣe wá korò yìí, ṣé òun nìkan ni kó máa lá a?"

Lẹ́yìn ìdìbò, àwọn ọmọlẹ́yìn olóṣèlú náà kúrò nínú yàrá wa. Ohun tí a rí gbà nìyẹn. Kámẹ́rà ò padà. Wọ́n dá Kẹ́hìndé sílẹ̀, àmọ́ etí rẹ̀ ọ̀tún ò gbọ́ràn mọ́. Ìgbátí ọlọ́pàá ló bà á jẹ́. Táyé sọdá sí Kùtọnu, kò lè wálé. Ọ̀rọ̀ kan la jẹ Kẹ́hìndé, ká jáde ká ní òun kọ́. Ẹni tó bá sì sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá ti mú Táyé fún wọn. Orúkọ wọn nìkan ni mo lè kọ síbí, torí ojúlé wo ni kò ti sí Táyé àti Kẹ́hìndé nílùú wa?

Mo máa ń pàdé ìyá wọn lọ́nà mọ́ṣáláṣí. Ó máa ń bi mí nípa Rọ́fíà ọmọ mi. Èmi ò lè bi í pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́?"