Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ariwo ni wọ́n fi mọ ilé wa ní Ìlaròó. Bí ẹ bá sọ fún ọlọ́kadà pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ń lọ, kò ní bèèrè orúkọ. Á ní, "Ṣé ilé bàbá tó máa ń mú kí nǹkan ké yẹn?" Ohun tó ń ké náà kò tóbi ju agolo mílíìkì ńlá lọ. Ẹ́ńjìnnì bàálù ni, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà tí eré ọmọdé kò tí ì tán lára wọn máa ń dè mọ́ bàálù kékeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí. Kẹrosíìnì ló ń mu. Bó bá ti gbaná, á máa ké bí ìgbà tí wọ́n ń fa páànù ya, Màmá mi á sì ti inú yàrá pariwo pé kí n má pa òun kí ọjọ́ òun tó pé.

Èmi kì í ṣe é, èmi kì í sì í tà á. Wíwọ̀n ni mo ń wọ̀n ọ́n. Ẹ́ńjìnnì bàálù gidi ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ṣe n'Íkẹjà kí n tó padà wálé wá tọ́jú Màmá. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé àwọn tó ń fi bàálù kékeré ṣeré pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, l'Ékòó, l'Ábẹ́òkúta, títí dé Kútọnu. Gbogbo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń rà ni wọ́n ti kọ agbára rẹ̀ sí lára, pé kílò báyìí ló lè tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ló kọ ọ́. Èwo nínú àwọn ọlọ́bẹ̀ ló máa ń ní ọbẹ̀ òun kò dùn?

Mo wá kan pátákó kan sẹ́yìn ilé. Pátákó náà ń sún síwájú sẹ́yìn lórí bíárìn, mo ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, mo sì gbé síkéèlì síwájú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á ké, á ti pátákó, pátákó á ti síkéèlì, síkéèlì á sọ ohun tó bá rí. Mo máa ń wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì tutù, mo máa ń tún un wọ̀n ní ọ̀sán gangan, nítorí oòrùn máa ń gba agbára lára rẹ̀. Ohun tí mo bá rí ni mo ń kọ sórí Wasáàpù ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò ó. Mi ò gba iṣu lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì, mi ò sì gba omi tútù. Tí mo bá ní méje ni, méje ni, wọ́n á gbà. Ọ̀rọ̀ mi yẹn nìkan ni mo ní nínú iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá gbà á mọ́, ariwo lásán ni mo ń pa fún àdúgbò.

Ẹ̀gbọ́n mi ló bà á jẹ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, òun ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Sípéà páàtì ọkọ̀ ló ń tà ní Ìpókíá, ó sì máa ń ré kọjá bọ́dà lọ ra ọjà. Kútọnu ló ti pàdé ẹnì kan tó ń ta ẹ́ńjìnnì kékeré wọ̀nyí, ó sì rò ó pé nígbà tí àbúrò òun ti jẹ́ ẹni tí gbogbo wọn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ọjà ti tà nìyẹn. Ó kó púpọ̀ nínú wọn, ó sì fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọ̀kan wá sílé bí ẹni gbé ọmọ tuntun, kí n wọ̀n ọ́n. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ kílò mẹ́sàn-án sí i lára.

Òfin kan wà tí mo fi ń ṣiṣẹ́: ẹni tó ń tà á kì í dúró ti pátákó. Mo ti lé àwọn olówó Èkó kúrò níbẹ̀ rí, wọ́n sì lọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò lórí àga nínú ọgbà ìyá wọn? Ó fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Mo ṣáná sí i. Bó ṣe ń ké ni ẹ̀gbọ́n mi na ẹsẹ̀ kan, ó fi í ti etí pátákó bí ẹni tó ń najú nílé àna. Síkéèlì gun, ó gun, ó dé mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yín."

Ó ní, "Kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi?"

Mo ní kó dákun gbé e kúrò díẹ̀. Ó gbé e kúrò, síkéèlì sọ̀ kalẹ̀ sí méje àti díẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Mo tún un wọ̀n, méje àti díẹ̀ ni. Nígbà tó di ọ̀sán, kò tó méje mọ́.

Mo rọra sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí àbúrò sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé ẹni tó tà á fún yín kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán."

"Ṣé òpùrọ́ ni mí?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó ṣe é ló kọ mẹ́sàn-án sí i lára. Ìwọ tó o fi pátákó wọ̀n ọ́n, o wá mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ṣe é lọ? Kọ mẹ́sàn-án."

Mo ní mi ò lè kọ ọ́. Ó ní, "Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn lọ gba abẹ́rẹ́." Òótọ́ ni, ó pọ̀n mí. Síbẹ̀, mo kọ méje àti díẹ̀ sórí Wasáàpù, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ti fẹ́ rà á yí ojú sí ibòmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi kò ti wá sílé mọ́. Ọjọọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ Màmá tẹ́lẹ̀, ó sì dáwọ́ ìyẹn dúró. Orí fóònù ló ti ń kí wọn. Màmá á gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, á bò ó, títí oúnjẹ á fi kan. Màmá fúnra wọn kò wá jẹ tiwọn dáadáa mọ́, ọrùn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa sin mí, ẹ sì máa dúró sọ́tùn-ún sósì, ẹ ò ní bára yín sọ̀rọ̀." Inú bí mi sí wọn pé wọn kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Àánú wọn sì tún ṣe mí.

Ẹbí pè wá jọ. Àbúrò bàbá wa, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ ní Ìdógò, ni wọ́n jókòó ṣe olórí. Mo ti to gbogbo àlàyé mi sílẹ̀, nípa síkéèlì, nípa bíárìn, nípa ẹsẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí n débẹ̀.

Wọ́n ní, "Mi ò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi o. Ta ni àbúrò?"

Mo ní èmi ni.

"Ó yá, bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ."

Gbogbo ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ wa ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àbúrò ló ń bẹ̀bẹ̀, ì báà jàre, ì báà jẹ̀bi. Kì í ṣe pé ó gbà pé òun ṣìnà. Ó fi àyà kanlẹ̀ kí ilé lè tòrò ni, kí wọ́n lè gbé oúnjẹ wá. Mo wo Màmá. Wọ́n di etí ìró wọn mú, wọn kò wo ibòmíràn àfi ẹnu mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo tọrọ àforíjì." Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó ní kí n dìde. Màmá bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn, omijé ń bọ́ lójú wọn. Mo rí i pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi na fóònù sókè. N kò kà á sí. Ayé òde òní, wọ́n ń fi fóònù ya ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá.

Fídíò náà ti dé orí Wasáàpù ẹgbẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Wọ́n ti gé e. Wọ́n gé "mi ò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi" kúrò, wọ́n gé "ta ni àbúrò" kúrò. Èmi nìkan ló kù, lórí sìmẹ́ńtì, tí mò ń tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti wọ ẹgbẹ́ nítorí ọjà rẹ̀, kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹni tó wọn ẹ́ńjìnnì wa ti wá bẹ̀bẹ̀. Òótọ́ ti lékè."

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Méje àti díẹ̀ ni mo wọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà." Ẹnì kan kàn tún gbé fídíò yẹn síbẹ̀. Ẹni Kútọnu kan tí kò gbọ́ Yorùbá fi èdè Faransé kọ ọ́ pé ó dára kí ènìyàn mọ àṣìṣe rẹ̀. Mo foríjì í. Kò mọ̀. Àwọn tó kù ńkọ́, tí wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn láìmọye ìgbà lórí ohun tí wọn kò ṣe? Wọ́n mọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n fẹ́, fídíò yẹn sì ṣí ọ̀nà fún wọn.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ayétòrò wà lára àwọn tó rà á. Nínú pálọ̀ rẹ̀ ló ti kan bàálù kan, ó fi sùúrù kùn ún ní funfun àti àwọ̀ ewé. Bàálù náà wúwo, ẹ́ńjìnnì kílò mẹ́sàn-án ló lè gbé e. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ló ti fò ó, ní ọ̀sán, tòun ti epo kíkún. Bàálù kúrò nílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kó gòkè kọjá igi tíìkì tó wà létí pápá, kò lè gòkè. Ó forí sọlẹ̀ sínú oko pákí ìyá àgbà kan. Ilẹ̀ ti gbẹ, ọyẹ́ ń fẹ́, kẹrosíìnì dà sílẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó wà nínú oko. Pákí náà jóná ráúráú.

Tíṣà gbé ohun tó ṣẹ́ kù wá fún mi nínú ọ̀rá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ṣìnà."

"Níbo ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀, Tíṣà?"

"Nínú fídíò. Ẹ dọ̀bálẹ̀."

Mo ní, "Tíṣà, níbo ni wọ́n ti bí yín?"

"Ayétòrò náà ni."

"Ṣé ẹ ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín rí lórí ohun tí ẹ̀yin jàre?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Mo ti kan bàálù náà tán ni." Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀rá rẹ̀, ó ń lọ.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Ó ní ẹni tó fò ó ni kò mọ̀ ọ́n fò. Mo ní kí ó sọ fún ẹgbẹ́ pé wọ́n gé fídíò yẹn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi ojú tọ́ka sí yàrá Màmá. Ó ní, "Ṣé o tún fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ni? Lójú Màmá?" Ó mọ ibi tí ọwọ́ òun ti lè tẹ̀ mí. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n.

Ẹnikẹ́ni kò gbé ẹ́ńjìnnì wá mọ́. Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ tẹ́lẹ̀ ní nígbà tí mo ti bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò dúró mọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ pákí tó jóná kàn ní kí ló dé tí mo fi bẹ̀bẹ̀ nígbà tí mo mọ̀ pé mo jàre. Mo fi tapólì bo pátákó náà. Adìẹ ló ń sùn lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wá sílé lọ́jọọjọ́ Ìsinmi báyìí. Ó ń jẹun, ó ń sọ ìtàn Ìpókíá fún Màmá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi mú wọn. Ara wọn ti padà bọ̀ sípò, ọrùn wọn ti kún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n dá ọwọ́ dúró, wọ́n dẹ etí sẹ́yìn ilé.

Wọ́n ní, "Mi ò mà gbọ́ igbe nǹkan yẹn mọ́."

Mo ní, "Wọn ò gbé e wá mọ́, Màmá."

"Ẹẹ́n! Ọlọ́run ṣeun. Àtọjọ́ tó o ti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ yìí ni ilé ti rójú." Wọ́n na ọwọ́ sí àwo ẹ̀gbọ́n mi. "Bu ẹran kún un fún un."

Ẹ̀gbọ́n mi sún àwo rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, kò wo ojú mi. Mo dìde, mo bù ú kún un.