Ẹ̀bẹ̀ Tí Mi Ò Kà Tán

Mo ṣiṣẹ́ fún bí ọdún kan ààbọ̀ ní ilé alájà méjì kan ní River Road, nílùú òyìnbó níbí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ẹ̀bẹ̀ àwọn tí ẹ̀rọ ti ti àkáǹtì wọn pa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó bá kọ tiwọn ní Yorùbá. Bọ́tìnnì méjì ló wà níwájú mi: ṣí i, tàbí jẹ́ kó wà ní títì. A ò gbọ́dọ̀ lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀bẹ̀ kan wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ti fàlà pupa sí nídìí: “Màá pa ọ́ bí mo bá rí ọ.” Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, mi ò kà á. Ebi ń pa mí, ó ku díẹ̀ ká lọ jẹun ọ̀sán. Mo ní kó wà ní títì.

Ó lé lóṣù kan kí ẹ̀bẹ̀ kejì tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni kan náà. Mo ka èyí tán.

“Ẹ jọ̀ọ́, ikú ni mò ń bá wí, kì í ṣe ènìyàn. Ọmọ mi obìnrin ló kú. Orin tó kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, mi ò ní in níbòmíràn. Ẹ jẹ́ kí èmi ìyá rẹ̀ máa gbọ́ ohùn ẹ̀.”

Mo tẹ bọ́tìnnì pé kó ṣí, mo tún un tẹ̀. Kò ṣí. Mo lọ bá ọ̀gá mi, ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi.

“Àǹtí, mo ṣe àṣìṣe.”

Wọ́n wo kọ̀ǹpútà mi. “Ó ti ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, my dear. Wọ́n ti delete everything.”

“Ṣé mo lè kọ̀wé sí i? Kí n sáà bẹ̀ ẹ́.”

“A kì í kọ̀wé sí wọn. Èsì tó wà nílẹ̀ ni kó o fi ránṣẹ́.”

Èmi ni mo tú èsì yẹn sí Yorùbá nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀: “A ti tún ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò. Ìpinnu wa kò yí padà. Ẹ ṣeun.” Mo fi ránṣẹ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé ní Goresbrook, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ọkọ mi.

Mi ò pẹ́ níbẹ̀ mọ́ tí mo fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo sún mọ́ màmá àgbà kan nínú ìjọ wa, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Kúnlẹ̀. Kí lorúkọ ìyá ọmọ náà, ká dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà?”

Nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀bẹ̀ wá síwájú wa níbi iṣẹ́ yẹn.

“Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà.”

“Ọlọ́run mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un. Ẹnu mi ò gbà á láti ṣe àmín.