Àbúrò Tí Ìwé Fún Mi

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Grand Concourse, òpópónà ńlá kan ní Bronx níbí, tí òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò ní imú mi: òórùn ẹ̀wù òtútù tí yìnyín ti rin, tí àwọn ènìyàn tẹ́ sórí irin tí ń mú ilé gbóná, tí ó wá dàpọ̀ mọ́ ti kọfí àti ti ọṣẹ tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Bí ìwọ náà bá ti lo ìgbà òtútù kan péré ní ìlú yìí, o mọ òórùn tí mò ń sọ. Mùsùlùmí ni mí, n kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń pín oúnjẹ àti aṣọ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi mí bí mo ṣe ń gbàdúrà. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé ọmọbìnrin tí ó fẹ́ kọ ìtàn mi sínú ìwé.

Yunifásítì ni ó ti wá. Iṣẹ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí ohun tí ń mú kí àwọn ènìyàn sá kúrò ní ilẹ̀ wọn, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibi tí wọ́n sá dé, àti ohun tí ojú wọn ń rí níbẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀; Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú ọ̀nà tí kò ní òkè tí kò ní ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ó ń sọ ọ́ láìtijú. Mo máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, n ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ káàsán o." Òun náà yóò dáhùn pé, "Bọ̀dá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá mi bá gbọ́, wọ́n á ní mo ti gba àga wọn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sọ̀rọ̀ fún un; bí ó ti ń gba ohùn mi sílẹ̀ ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ rẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní ìletò wa lẹ́bàá Ìbàdàn, bí mo ṣe rí ojú àwọn ajínigbé ní ọjọ́ tí wọ́n kó èrò ọkọ̀ kan wọ igbó, bí mo ṣe lọ jẹ́rìí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, àti bí àwọn tí ọlọ́pàá kò rí mú nínú wọn ṣe wá tì mí mọ́lé tí wọ́n sì sọ iná sí i. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde. Mo ní fún un pé, "Ilẹ̀kùn tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn ni wọ́n tì mọ́ mi." Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ka ìwé àdéhùn kan fún mi, mo sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Èyí tí mo dì mú nínú rẹ̀ ni pé orúkọ mi kò ní hàn. Ó ka ohun mìíràn pẹ̀lú, pé àwọn lè yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá mi mọ̀; ṣùgbọ́n ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ mi ti dúró, bí ẹni tí ó mọ̀wé bá sì fi inú rere bá mi sọ̀rọ̀, n kì í da ìbéèrè bò ó.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, n kò sì gbọ́ ọ tó láti kà á. Ní pálọ̀ màmá kan ni mò ń sùn nígbà náà ní àdúgbò Morris Heights; ọmọ Abẹ́òkúta ni màmá náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ó ń wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo na ìwé sí i. Ó ṣí i, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ sísàlẹ̀, ó sì ké: "Ilẹ̀kùn! Ìwọ rèé o! Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ gan-an nìyí. Háà, o ti di ẹni inú ìwé! A ò tún ní lè rán ọ níṣẹ́ nínú ilé yìí mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sáré lọ bá bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni ó kà. Èmi náà kò bẹ̀ ẹ́ kí ó ka ìyókù nígbà tí ó dé, nítorí pé inú mi ti dùn kọjá kí n tún máa wádìí.

N kò ní agbẹjọ́rò. Mo ti kọ ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa gbé níhìn-ín nítorí pé ẹ̀mí mi wà nínú ewu ní ilé, mo sì ti gbọ́ pé ẹ̀rí ni adájọ́ ń fẹ́. Ẹ̀rí wo ni ó tún lè ju ìwé tí yunifásítì tẹ̀ jáde? Mo fi í sáàárín àwọn ìwé tí mo fẹ́ fún adájọ́. Mo tún mú bírò, mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà ilẹ̀kùn náà, kí ó lè dá wọn lójú pé èmi ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, agbẹjọ́rò ìjọba gbé ìwé náà sókè. Ògbufọ̀ tí ń bẹ lórí fóònù tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ẹ sọ pé ẹ̀yin ni ọkùnrin inú ìwé yìí. Àgbẹ̀ ni ọkùnrin náà, wọ́n sì pa àbúrò rẹ̀ lójú rẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ, káfíńtà ni yín, ẹ̀yin nìkan sì ni ìyá yín bí. Èwo ni kí a gbà gbọ́?" Mo dìde, mo kígbe pé, "Irọ́ ni! Kò sí àbúrò kankan! Ẹnikẹ́ni kò pa àbúrò kankan!" Adájọ́, obìnrin onísùúrù kan, ní kí n jókòó. Ó sún ẹjọ́ síwájú, ó ní kí n lọ wá àlàyé wá, pé bí n kò bá rí àlàyé ṣe, òun yóò kà mí sí òpùrọ́, wọn yóò sì dá mi padà. O mọ àwọn tí ń dúró dè mí níbi tí wọn yóò dá mi padà sí.

Mo gba yunifásítì lọ pẹ̀lú ìbínú. Ìwé kún yàrá ọmọbìnrin náà débi pé àga àlejò kan ṣoṣo ni ó kù. N kò kí i.

"Àbúrò wo ni o bá mi pa?"

Ó dìde. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ṣé mo sọ fún ọ pé mo ní àbúrò?"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹlòmíì ló sọ ọ́." Ó wá ṣàlàyé pé àṣà iṣẹ́ àwọn ni kí wọ́n da ìtàn ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ di ti ẹnì kan, kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí àwọn ọ̀tá má baà tọ ipasẹ̀ wọn dé ìlú yìí. "Mo rò pé mò ń bò yín ni."

"O bò mí, o bò mí, o wá bò mí pa."

Nígbà tí mo ròyìn ilé-ẹjọ́ tán, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ta ló wá sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni, sà?" Ìgbà náà ni mo jókòó. Mo ní, "Èmi ni." Ó da ojú bo tábìlì, ó sì sunkún bí ọmọdé. Mo béèrè ohùn mi tí ó gbà sílẹ̀. Ó ní òfin àwọn ni pé kí àwọn pa á rẹ́ lẹ́yìn tí àwọn bá ti kọ ọ́ tán. Ìwé àjákọ rẹ̀ nìkan ni ó kù, èyí tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sí lójú mi. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé lẹ́tà àlàyé sí adájọ́ ti tó, kí ó má dé ilé-ẹjọ́. Ní ọjọ́ tí ẹjọ́ tún padà, ó dé ibẹ̀ ṣáájú mi.

Ní iwájú adájọ́ ni ó ti sọ pé òun ni òun da ìtàn ènìyàn méjì pọ̀, pé káfíńtà ni mí láti ọjọ́ kìíní. Agbẹjọ́rò ìjọba bi í pé ta wá ni ọkùnrin tí wọ́n pa àbúrò rẹ̀. Ó ní òun ti ṣèlérí fún un, òun kò ní sọ. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé bí kò bá dárúkọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má wúlò fún mi. Ó tún sọ pé òun kò ní sọ. N kò ní purọ́ fún ọ: mo kórìíra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà. Orúkọ kan péré, mo sì lè bọ́. Adájọ́ gba ìwé àjákọ náà, ó ní kí ògbufọ̀, tí ó wà nínú yàrá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ka ojú ìwé mi sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi fọ́ọ̀mù mi wé e ní ìlà dé ìlà. Ó pẹ́. Nígbà tí ó gbé ojú sókè, ó ní òun gbà mí gbọ́, pé wọn kò ní dá mi padà. Nígbà tí mo bọ́ sí ìta ni ó yé mi pé bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin kejì ni ó wà lórí àga mi, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọbìnrin náà ì bá ṣe di orúkọ tèmi náà mú.

Síbẹ̀ n kò dákẹ́. Mo ní kí ọmọbìnrin náà bá mi kọ lẹ́tà sí yunifásítì rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ó ń kọ ọ́, láìfi ohun kan kún un, láìyọ ohun kan kúrò. Mo ní kí wọ́n má ṣe tẹ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni jáde mọ́ láìkọ́kọ́ kà á fún un tán ní èdè rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Yóò gbé ìwé wá bá onítọ̀hún, yóò kà á láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fọ̀ ni pé àwọn kò rí òfin kankan tí ẹnikẹ́ni rú. Mo tún ti kọ òmíràn. N ó máa kọ ọ́ títí ẹnì kan níbẹ̀ yóò fi sọ pé wọ́n ṣẹ̀ mí.

Lẹ́tà kejì yìí ní ohun tí ti àkọ́kọ́ kò ní. Ó ti pẹ́ kí ó tó hàn sí mi pé ọkùnrin kan ń gbé ní Bronx yìí tí wọ́n pa àbúrò rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí a ti jókòó ti ara wa nínú tírénì abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní D, kí eékún wa máa kan ara wọn. Bí mo ti ń bínú pé wọ́n gbé òkú tí kì í ṣe tèmi lé mi lọ́wọ́, n kò rò ó pé ọwọ́ ẹnì kan ni wọ́n ti gbà á. Èmi ni mo dìde ní ilé-ẹjọ́ tí mo kígbe pé kò sí ẹni tí wọ́n pa, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba títí di òní. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n wá a kàn, kí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ kí a kọ ìtàn àbúrò rẹ̀ lọ́tọ̀, láìdà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Àbúrò náà wà láyé rí. Wọ́n pa á. Èmi tí mo ti pè é ní irọ́ níwájú adájọ́, èmi náà ni mo fẹ́ jẹ́rìí rẹ̀.