Gúnrégé àti Lẹ́tà Ara Ògiri

Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí fi ṣiṣẹ́ kápẹ́ńtà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, yàrá gígùn kan tó ní fèrèsé mẹ́ta, tí lẹ́búlẹ́bú pákó kì í tán nílẹ̀ rẹ̀. Gúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí tábìlì tó tọwọ́ rẹ̀ jáde tó ń mì. Bí oníbàárà kan bá ní tòun ń mì, á ní kó lọ tún ilẹ̀ ilé rẹ̀ ṣe.

Nígbà tó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún kápẹ́ńtà tí kò ríran? Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló fura, nítorí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá a níbi tó ti ń kí kóòtù tí wọ́n fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Bàbá wọn, ta lẹ ń kí?"

"Mò ń dán ohùn mi wò ni."



Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba gbé òfin jáde pé dandan ni kí gbogbo ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún wọ ètò adójútòfò ìlera. Olúkúlùkù á máa dá owó díẹ̀ lóṣooṣù, ẹni tí àìsàn bá sì kọlù á rí ìtọ́jú gbà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní káàdì ètò náà títí ọdún á fi parí, wọn ò ní sọ ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dọ̀tun. Àyẹ̀wò ara ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀, ti ojú sì wà nínú rẹ̀: èèyàn á dúró lókèèrè, á máa ka lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Nígbà tí Gúnrégé gbọ́ èyí, ara rẹ̀ bù máṣọ. Bó bá lọ, àṣírí á tú. Bí kò bá lọ, ṣọ́ọ̀bù á tì. Ló bá di alátakò òfin.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ló ti máa ń ṣàtakò yìí. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ni, ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra látọjọ́ pípẹ́.

"Ìjọba wo ló ń fi kùmọ̀ tọ́jú èèyàn?"

"Gbé àgbọ̀n ẹ sókè ná, kó o tó máa bú ìjọba. Abẹ ló wà lọ́wọ́ mi."

"Mò ń bi ọ́ ni. Ara mi le koko. Kí ni mo fẹ́ máa sanwó lé lórí?"

"Èmi lo máa sanwó lé lórí. Ṣé ó dùn ọ́ ni?"

"Ṣé èmi ni mo ní kó o máa lá ṣúgà ni?"

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí ayùn bá gé ọ níka, èmi náà á sanwó lé ọ lórí, mi ò sì ní bi ọ́ pé ta ló rán ọ nídìí ayùn."

"Ẹni tó bá wù ni kó dá a."

"Tó bá jẹ́ ẹni tó wù nìkan, àwa aláìsàn nìkan ló máa kù síbẹ̀. Ta ló wá fẹ́ ran ta lọ́wọ́?"

 Ọ̀rọ̀ náà yé Gúnrégé dáadáa. Kì í kúkú ṣe òfin ló ń bá jà, lẹ́tà ara ògiri ni.

Àwọn kápẹ́ńtà àtijọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ láìlo téèpù. Wọ́n á gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ gé àmì sí i lára: ọ̀kan fún gíga, ọ̀kan fún ìbú, ọ̀kan fún bí nǹkan náà ṣe jìn tó. Nígbà tí nọ́ńbà ara téèpù di ìlà èèrà lójú Gúnrégé, ó padà sídìí àwọn ọ̀pá yìí. Àtàǹpàkò ló fi ń kà wọ́n. Ìṣó kọ̀ọ̀kan lára ògiri ló ní ọ̀pá tirẹ̀, ó sì mọ ìṣó tó jẹ́ ti iṣẹ́ wo.

Ní oṣù kẹwàá, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń forúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ gbé iṣẹ́ fún un: kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó ní ogún dúrọ́ọ̀, tí wọ́n á máa to fáìlì sí. Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀ mú fáìlì kan wá, Gúnrégé sì gé ọ̀pá tirẹ̀, ó fi kọ́ sórí ìṣó kan. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ wá bá a gbá ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ gbogbo ọ̀pá kalẹ̀, ó nu eruku ara wọn, ó sì fi wọ́n kọ́ padà. Ìṣó méjì péré ló ṣì. Ọ̀pá pẹpẹ bàtà aládùúgbò kan ló bọ́ sórí ìṣó ilé ìwòsàn.

Nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù dé ilé ìwòsàn, kò mì rárá. Tọkọtaya náà jọ tẹ̀ lé e lọ. Nọ́ọ̀sì fa dúrọ́ọ̀ kan, ó ki fáìlì bọ̀ ọ́, fáìlì yọ orí jáde. Ó dán òmíràn wò, bákan náà ni.

"Bàbá, ó jọ pé bàtà lẹ fẹ́ ká máa kó sí i."

"Fáìlì yín ló gùn jù."

"Èyí tẹ́ ẹ wọ̀n náà nìyí, sà." Ó gbé fáìlì náà sókè. "Ẹ bá mi ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀."

Gúnrégé wò ó títí. "Mi ò mú gíláàsì mi dání."

"Wọn ò ní gíláàsì kankan," ni ìyàwó rẹ̀ sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Kóòtù ni wọ́n ń kí láàárọ̀."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rín in. Ó tan iná tọ́ọ̀ṣì kékeré sí i lójú, ó rí awọ funfun tó ti bo ẹyinjú méjèèjì.

"Wọ́n lè yọ èyí, Bàbá. Káàdì yín dà?"

 Ohùn ọkùnrin náà rẹlẹ̀. "Ṣé ẹ máa ń gba ẹni tí ojú ẹ̀ ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

"Dandan ni fún yín, dandan ni fún àwa náà. A ò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé ẹnikẹ́ni padà. Ẹ jókòó. Ẹ má ṣèyọnu ka lẹ́tà kankan."

Ní oṣù kejì ọdún tuntun ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún, wọ́n ṣe ti òsì lẹ́yìn oṣù kan. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, ó padà sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú téèpù, ó tún ogún dúrọ́ọ̀ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì gbowó. Lẹ́yìn náà ló kọjá sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ gẹrun.

"Ṣé o ti wá gbà pé òfin yẹn dáa?"

"Mo ṣì ń sọ ọ́ pé kò yẹ kí ìjọba fi kùmọ̀ tọ́jú èèyàn."

"Tí kò bá sí kùmọ̀ ńkọ́? Ṣé wàá lọ?"

Gúnrégé sún mọ́ dígí. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fọwọ́ kan irun ẹ̀bá etí rẹ̀ méjèèjì.

"Apá òsì yìí wọ́," ló sọ. "Ó ti lé ní ọdún kan tó o ti ń gé e wọ́ fún mi. O mọ̀ pé mi ò rí i."

 Onígbàjámọ̀ nu abẹ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì.