Màámi Kì Í Wọ Bàtà Kọrin

Bí ètè mi ṣe kan irin maikirofóònù báyìí, iná gbá mi. Kì í ṣe èyí tí a fi ń rẹ́rìn-ín o. Ó mú mi ní àgbọ̀n, apá mi kú, mo bá ara mi nílẹ̀. Nígbà tí mo máa lajú, ẹsẹ̀ màámi ni mo kọ́kọ́ rí lórí símẹ́ńtì. Kò wọ bàtà. Òun ló sì kàn láti dúró nídìí maikirofóònù náà.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kó irin ìgbohùnsílẹ̀ wọ̀nyẹn jọ sí yàrá mi ní àdúgbò Ladi-Lak. Ó fẹ́ padà sí etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, láàárín àwọn apẹja tí wọ́n bí i sí, ohùn rẹ̀ sì ti ń há. Mo fẹ́ gba orin mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó tó lọ. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Kò wọ bàtà kọrin sí Ọlọ́run rí.

Láti ọjọ́ náà, n kò fọkàn tán nǹkan kan mọ́. Ohùn ń ti maikirofóònù bọ́ sínú míkísà tòkunbọ̀, àpótí tí ń po ohùn pọ̀, ó ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo tú wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò rí nǹkan kan. Mo wá ń fura sí télọ̀ tó wà ní yàrá kejì, nítorí wáyà áyọ́ọ̀nù rẹ̀ gba ara ògiri wa kọjá. Ó bá mi níbi tí mo ti fi etí lé ògiri.

"Alàgbà, ṣé wáyà ti ń bá yín sọ̀rọ̀ ni?"

"Mo ń wò ó ni."

"Ẹ ń fi etí wò ó?"

Ó rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ̀rín yẹn gan-an, n kò gbà á gbọ́.

Mo ra bàtà rọ́bà fún màámi. Ó tì í sábẹ́ àga.

"Ṣé sílípáàsì ni mo máa wọ̀ síwájú Ọlọ́run?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, iná ò mọ ẹni mímọ́."

"Ó dáa, má gba orin kankan sílẹ̀ mọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Mo sáré lọ pe àgbà oníná kan wá láti Fola Agoro. Kò tiẹ̀ wo ògiri télọ̀. Púlọ́ọ̀gì míkísà ló mú dání.

"Ọ̀gá, ta ló gé ẹsẹ̀ kẹta yìí?"

Èmi ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Bajulaiye ní kí n gé ẹsẹ̀ kẹta, ariwo á lọ. Ó sì lọ lóòótọ́.

"Ariwo ò lè pa yín," ni oníná wí. "Ẹsẹ̀ tí ẹ gé yìí ló yẹ kó gbé iná wọlẹ̀ tó bá ṣìnà. Ẹ gé e, ó wá gba ara yín."

Wáyà kan ti bó nínú míkísà, ó ń kan irin ara rẹ̀. Ó tún un ṣe, ó fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, ó gbá ọ̀pá bàbà wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó so wáyà mọ́ ọn wọlé. Ó ki míkísà àti kọ̀ǹpútà bọ ẹ́sìtẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo kí ariwo má baà padà.

Ó fi tẹ́sítà kan maikirofóònù. Kò tàn. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi kan ihò iná ara ògiri, bóyá tẹ́sítà ló ti kú. Ó tàn. Mo dá a padà sí maikirofóònù. Kò tàn. Mo bọ́ bàtà mi, mo di ojú, mo fi ètè kàn án.

Kò sí nǹkan kan.

Màámi fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Ọwọ́ mi wà lórí súwíìṣì títí ó fi kọ orin kejì tán. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ orin kẹta ni mo gbé e kúrò.