Kí Ẹni Tó Ń Gbàdúrà Tó Jókòó

Ẹ má wí fún mi pé òfin ò lójú. Ẹ̀gbọ́n Àṣíáwù Bàrúwà lójú, òun ló sì kọ òfin wa. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe akọ̀wé Ìṣọ̀kan Ẹgbẹ́ Aláàánú Yewa, èmi Olúwakẹ́mi ni igbákejì rẹ̀. Ẹgbẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú Ìṣọ̀kan: èyí tó ń tọ́jú opó, èyí tó ń gbẹ́ kànga, èyí tó ń kọ́ adití níṣẹ́. Kò sí èyí tó jẹ́ ti ìjọba nínú wọn. Àwa fúnra wa la ń gba ẹgbẹ́ wọlé, àwa náà la ń yọ ọ́.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gorí àga, inú báàgì ni ìdajì àwọn ẹgbẹ́ wa ń gbé. Ìwé olórúkọ gbàǹgbà-gbàǹgbà, òǹtẹ̀ kan, ó parí; kò sí opó kankan tó mọ̀ wọ́n rí. Òun ló wá kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ tó bá pa ìpàdé mẹ́ta jẹ léraléra, ó ti lọ nìyẹn. Aṣojú gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ìwé kí ẹni tó ń gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tó jókòó. Bó bá ti jókòó, a ó pa ìwé dé. Báyìí làwọn ẹgbẹ́ inú báàgì ṣe tán láàárín wa, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n òfin náà mú àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Toheebat ló ń darí Ẹgbẹ́ Àkàndá Ẹ̀dá Òkè-Ọ̀dàn, àwọn tó ń wá kẹ̀kẹ́ fún ẹni tí kò lè rìn. Ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù fóṣù mẹ́ta gbáko, foonu ló fi ń tọrọ gáfárà lọ́jọ́ ìpàdé, gbogbo wa la sì mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mú rúlà, ó fa ìlà pupa sórí orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ó ní, "Òfin ò mọ ọmọ ìyá." Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Odidi ọdún méjì, Toheebat ò kí i.

Ìjọba wá ti ẹnubodè pa ní 2019. Epo bẹntiróò ò wọ àwọn ìlú ẹ̀bá ẹnubodè mọ́, ibi tí wọ́n ti ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà ò sì lóǹkà. Ẹgbẹ́ Abiyamọ Agosasa ló ń fi ọ̀kadà gbé aláboyún tí ọmọ bá dábùú nínú rẹ̀ wá sí Ìlaròó. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí wọ́n kọjá ni létà tí òǹtẹ̀ Ìṣọ̀kan wà lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí a bá sì yọ, létà rẹ̀ di bébà lásán. Aṣojú wọn, Ọ̀ṣúnkẹ́mi Ojúọlá, agbẹ̀bí ni. Kò rọ́nà wá lóṣù kọkànlá, kò rọ́nà wá lóṣù kejìlá. Ìpàdé oṣù kìíní ló kù.

Lọ́jọ́ náà, ní gbọ̀ngàn ìpàdé wa ní Ìlaròó, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, ọgbọ̀n òǹtẹ̀ ti wà nínú ìwé. Foonu mi dún. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ni. "Àǹtí Kẹ́mi, a ti sún mọ́ Ìlaròó, epo ló tán. Mò ń fẹsẹ̀ sáré bọ̀!"

Mo sọ ọ́ síta. Alága wa, Alàgbà Akínbọ̀wálé, kì í ṣèèyàn burúkú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. "Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ sọ pé foonu kì í jókòó sípàdé. Àbúrò yín lẹ fi kọ́ wa. Àbí òfin Òkè-Ọ̀dàn yàtọ̀ sí ti Agosasa ni?"

Ẹ̀gbọ́n wo àyè òǹtẹ̀ Agosasa nínú ìwé, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ta ni àdúrà kàn?" Alága béèrè. Oṣù kan Kìrìsìtẹ́nì, oṣù kan Mùsùlùmí, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n dìde. "Èmi ni."

Ọkàn mi bàjẹ́. Kéèyàn tó sín tán, àdúrà Ẹ̀gbọ́n Àṣíáwù ti máa ń parí! Ó ka Fátíhà, ó gbàdúrà fún Yewa, a ṣàmín. Mo ní ó tán. Ó mí kanlẹ̀, ó tún ní, "Ọlọ́run, mo fi Ẹgbẹ́ Opó Ìlaròó lé Ọ lọ́wọ́. Àwọn mẹ́rin tí ìjì ṣí òrùlé wọn, bá wa bò wọ́n." Ó bọ́ sórí ẹgbẹ́ kejì, ti kànga Ajílété tó gbẹ. Ó bọ́ sórí ẹ̀kẹta. Ó dijú, kò wo ìwé kankan, ó ń tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú rẹ́jísítà, ó sì mọ ohun tó ń dun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún ìṣẹ́jú. Àwọn kan ń pòṣé. Alága ń wo aago ṣáá, ṣùgbọ́n ta ni yóò já àdúrà gbà lẹ́nu ẹlẹ́nu? Èmi ń ka ẹgbẹ́ nínú ọkàn mi. Ó kan ìkejìdínlọ́gbọ̀n. Ó kan ọgbọ̀n. Ó kan Agosasa, òun ló gbẹ̀yìn. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mi ò rí ẹnì kankan.

Ẹ̀gbọ́n di àga rẹ̀ mú. Yéè, ó fẹ́ jókòó!

"Ọlọ́run," ohùn rẹ̀ já, "mo fi Ẹgbẹ́ Àkàndá Ẹ̀dá Òkè-Ọ̀dàn lé Ọ lọ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó ṣàmín. Orúkọ abẹ́ ìlà pupa ni!

"Mo mọ̀ pé ọmọ ń ṣàìsàn. Mo mọ̀, mo sì fa ìlà náà. Mi ò dé ọsibítù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dárí jì mí." Omijé ń bọ́ sórí hìjáàbù rẹ̀. Èmi nìkan ni mo ṣàmín, mo sì fi ariwo ṣe é.

Bàtà ń dún bọ̀ níta. Ọ̀ṣúnkẹ́mi já wọlé, òógùn ń kán tótó lára rẹ̀, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Gbàgà! Ó lù ú sínú ìwé. Ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n jókòó.

Ariwo ayọ̀ sọ, àmọ́ Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sókè. "Olúwakẹ́mi, kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé fi àdúrà dá ìpàdé dúró kí ẹgbẹ́ kan lè bá a. Òfin wa ní kí olóyè tó bá ṣègbè fipò sílẹ̀."

"Ta ló fẹ̀sùn kàn yín?" Alága béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Èmi ni." Ó ti gègé síwájú mi. "Ẹ fi àìsàn àti ọ̀nà dídí kún òfin yẹn lónìí. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mo wí pé kò pé."

Ọwọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gòkè. Nígbà tí a tú ká, mo bá Ẹ̀gbọ́n lábẹ́ igi máńgòrò níta. Ó ní kí n sin òun dé Òkè-Ọ̀dàn.

Toheebat ń fọṣọ níwájú ilé. Ó rí wa, ó yíjú kúrò. Ẹ̀gbọ́n rìn lọ bá a, ó sì kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò! Kò sọ ti òfin, kò sọ ti ìpàdé.

"Ara ọmọ ńkọ́?" ó béèrè.

Toheebat kọjú sí i, ó ju aṣọ tútù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ti padà sílé ìwé," ó dáhùn, òun náà sì kúnlẹ̀.