Kámẹ́rà Oníná Mi àti Ọ̀gá Tó Fi Mí Rẹ́rìn-ín

Ẹ bá mi kí kámẹ́rà mi kú iṣẹ́ o!

Kámẹ́rà kékeré kan ni mo rà, tó ní iná lára, èyí tí wọ́n ń gbé sórí láptọ́ọ̀pù, tí wọ́n sì ń fi okùn so mọ́ ọn, kí n lè máa fi ṣe mítìn àti fídíò mi. Ọjọ́ tí mo gbé e dé ọ́fíìsì wa ní Àpápá, ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín níṣojú gbogbo èèyàn.

"Ìwọ ọmọ Ajégúnlẹ̀, ojú wo lo fẹ́ taná sí? Ṣé o fẹ́ máa ka ìròyìn ni?"

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Lónìí, a jókòó kojú síra, kálukú pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tiẹ̀, à ń bá oníbàárà kan tí kọ̀ntéénà rẹ̀ há sí èbúté Tin Can ṣe mítìn orí fídíò. Ọ̀gá ń ka iṣẹ́ tí mo ṣe bíi pé òun ló ṣe é.

Ni iná bá lọ.

Òkùnkùn gbé ojú ọ̀gá mì. Tèmi ń tàn yòò, torí bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ló ń gbé iná kámẹ́rà mi! Ìpele mẹ́ta ni iná yẹn ní, mo tẹ̀ ẹ́ dé èyí tó mọ́lẹ̀ jù.

Oníbàárà ní, "Ẹni tí mò ń rí yẹn ni kó bá mi sọ̀rọ̀."

Mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọ̀gá rọra sọ fún mi pé, "Jọ̀ọ́, yí iná yẹn síbí díẹ̀."

"Ẹ má bínú sà, okùn ẹ̀ ò gùn tó."

Okùn yẹn gùn dáadáa. Abẹ́ bàtà mi ló wà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa yí i? Ẹ sọ̀rọ̀ síta o, mo mọ̀ pé ọ̀gá mi ń kà á.